Oríkì Tí Àǹtí Mojí Gbé Sínú Fíìmù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú olùkọ́ wo ohun tí mo kọ yìí. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, n kò sì kọ ohun tó gùn tó báyìí rí. Ẹnu mi pàápàá kò yá. Níbi tí èèyàn mẹ́ta bá ti ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò kiri, ẹ bá mi kó o jọ. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni pé ẹlòmíràn ti sọ ọ́ ṣáájú mi, gbogbo ayé sì ti pàtẹ́wọ́ fún un.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Àǹtí Mojí jẹ́. Ìyá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Màámi, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orin rẹ̀ kan wà tí gbogbo rédíò ń kọ. Ó wá sí ìlú wa lẹ́ẹ̀kan, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, ó wọ bàtà gíga tó ń rì sínú yẹ̀pẹ̀, gbogbo wa ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí àgùntàn. Ó fọwọ́ kan orí mi. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, mo máa ń lọ sẹ́yìn ilé, mo máa ń gbé ọmọ odó sẹ́nu bí ẹni gbé makirofóònù, mo ń kọ orin rẹ̀ fún àwọn adìyẹ.

Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, orin ti dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Àbúrò, orin dà bí yìnyín. Bó o bá ṣe ń dì í mú tó, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ́ tó." Àwọn ọmọdé tuntun dé, orin tuntun dé. Ó wá sí Amẹ́ríkà, ó ń kọrin níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àwọn èèyàn wa, títí ọ̀fun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí dókítà sì ní kó má fipá mú un mọ́. Ní àkókò yẹn ni ẹnìkan tó ń ṣe fíìmù Yorùbá níbí ní kó wá ṣe ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ, ẹni tó máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì náà, ẹnu àwọn èèyàn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Bó ṣe di òṣèré nìyẹn. A máa ń ya àwọn fíìmù náà nílé àwọn ọ̀rẹ́, ní Loganville, ní Austell, níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti yá wa ní pálọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Fayetteville, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Atlanta, ló ń gbé nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ àwọn ilé ńlá tí wọ́n ti ń ya fíìmù tí gbogbo ayé ń wò. Wọ́n funfun, wọn kò ní fèrèsé, bí ilé ìkẹ́rùpamọ́sí. Bí a bá ń kọjá níbẹ̀, Àǹtí a jẹ́ kí mọ́tò máa rọra yí. "Lọ́jọ́ kan," ni yóò wí, kò sì ní parí rẹ̀.

Èmi ni mo ń tọ́jú ilé fún un. Láràárọ̀, mo máa ń se atalẹ̀ pẹ̀lú oyin, mo máa ń rọ ọ́ sínú fúláàsì, mo máa ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kó tó jí, nítorí ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń lọ síbi iṣẹ́, ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀yìn ni mo wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Mo ń ká ṣíìtì. Iṣẹ́ yẹn bá mi lára mu. Ṣíìtì kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbí ni pé kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Nílé wa, bó o bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ìlú á kọjá níwájú rẹ, wọ́n á sì kí ọ, kódà ẹni tó ń bá ọ jà á fi ìkíni gún ọ lára. Níbí, mọ́tò ló ń kọjá, gíláàsì rẹ̀ dúdú. Mo lè wà nílé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ ohùn èèyàn, àfi ìró ewé igi páìnì tó ń bọ́ sórí òrùlé bí abẹ́rẹ́. Ìgbà mìíràn, bí mo bá jí, mo máa ń kí ara mi káàárọ̀, kí n lè mọ̀ pé ohùn mi ṣì wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo rí bàbá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ọmọ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, irun rẹ̀ funfun gbòò. Ó ń gbá ewé. Mo kúnlẹ̀ kí i lórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, bó ṣe yẹ. Ńṣe ni bàbá ju ọ̀pá ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tó sáré wá. "Baby, you all right?" Ó di apá mi mú, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ kó gbé omi wá. Ó rò pé mo ṣubú ni. Èmi náà sì ń gbìyànjú láti tún kúnlẹ̀ dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà á sí i.

Àǹtí Mojí wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó ní, "Oh my God. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Kí ni, mà?"

"Bó o ṣe kúnlẹ̀ yẹn. Ọwọ́ rẹ ńkọ́, ibo lo gbé e sí? Kí ló dé tó o fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyẹn?"

Mo ṣe é ní pálọ̀. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ìka mi bí ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dirun. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ẹnìkan jókòó, ó ń wò mí.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń pe ilé. Màámi á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, á wá gbé fóònù fún Àjọkẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí àbígbẹ̀yìn Màámi. Àǹtí ló ń pè mí. Ọmọ náà gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Nígbà tó gbọ́ pé oòrùn ọ̀dọ̀ wa kì í yọ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú tiwọn, ó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí mo bá pè láàárọ̀ tèmi, tó jẹ́ ọ̀sán gangan lọ́dọ̀ wọn, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí mi." Màámi á máa bá a wí lẹ́yìn pé ṣé kò rí oòrùn ni. Á ní, "Oòrùn tiwọn ni mò ń kí."

Ó fẹ́ràn láti máa béèrè nípa àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tó kún ẹ̀yìnkùlé wa.

"Ṣé ẹ ti mú ọ̀kan?"

"Wọn kì í mú wọn níbí."

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ wọ́n?"

"Kò sí."

Ó ní, "Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ mọ ibi tí wọ́n bí ara wọn sí."

N kò lè sọ pé ìyà nìkan ni mo jẹ níbí. Sister Bọ̀sẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kọ́ mi ní mọ́tò wíwà ní ààyè ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn ìsìn. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. "Bó o ṣe ń tẹ bíréèkì yìí, ṣé èèrà lò ń pa ni?" "Wo iwájú o, gbogbo ilẹ̀ tó ò ń wò yẹn kò lọ síbì kankan." Mo kùnà ìdánwò náà, mo tún kùnà, mo wá yege. Mo ra mọ́tò ògbólógbòó kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi dá lọ síbi iṣẹ́, mo jókòó sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti pa á, mo sì kígbe orúkọ ara mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́ nìyí.

Ọ̀sán Sunday kan, mo ń tú irun Àǹtí nílé ìdáná. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún mi, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí àga. Ọ̀rọ̀ ilé là ń sọ. Ó béèrè ìdí tí mo fi máa ń wọ yàrá lọ sunkún bí mo bá ti bá Àjọkẹ́ sọ̀rọ̀ tán. Ohùn rẹ̀ rọ̀. N kò ní ẹlòmíràn. Mo sọ fún un pé èmi ni mo bí Àjọkẹ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti ilé alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti da àárín ilé wa àti ilé wọn rú láti ayé bàbá mi, a kì í kí ara wa. Ọmọkùnrin náà bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sókè Ọya, ó ní òun yóò padà wá fẹ́ mi, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ ló padà wá. Oyún ti wà nínú mi nígbà náà. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, Màámi wá sọ fún ayé pé oyún ni ọkọ òun fi sílẹ̀ fún òun. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ṣakí. Nígbà tí a padà dé, ọwọ́ Màámi ni ọmọ wà. Bí àwọn ará ilé alágbẹ̀dẹ bá mọ̀, wọ́n á wá gbé ọmọ wọn. Ọmọ bàbá ni ọmọ lọ́dọ̀ wa, ìyá kì í bá wọn jiyàn.

Mo tún sọ fún un nípa oríkì náà. Ìyá àgbà kan wà nílé alágbẹ̀dẹ, ìyá bàbá ọmọkùnrin náà. Láràárọ̀ ló máa ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó tó lọ fi ewìrì fẹ́ná níbi iṣẹ́. Bí mo bá ń lọ pọnmi, mo máa ń rọ ẹsẹ̀ lẹ́bàá ògiri wọn kí n lè gbọ́ ọ tán. Nígbà tí mo bí Àjọkẹ́, tí Màámi kò tíì jí, òun ni mo fi ń ki ọmọ mi, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, sí etí rẹ̀. Nígbà tí a padà sílé, mo dákẹ́. Oríkì ilé bàbá mi ni wọ́n fi ń ki Àjọkẹ́ láti ìgbà náà, bó ṣe tọ́ sí ọmọ bàbá mi.

"Kì í kí n gbọ́," ni Àǹtí wí.

Ojú tì mí. Ó bẹ̀ mí. Mo kì í.

*Àjọkẹ́, ọmọ ewìrì tí í mí nígbà tí ilé ń sùn,*
*ọmọ irin tó pọ́n bí ojú sánmà àárọ̀,*
*ọmọ owú kan ilẹ̀, gbogbo agbolé dáhùn,*
*ọmọ àjàgbọn kan ṣoṣo ẹnu ọ̀nà*
*tó kan létè, tó dùn nínú.*

Nígbà tí mo bojú wolẹ̀, Àǹtí ń sunkún. Ó ní kí n tún un kì. Mo tún un kì. Ó di ọwọ́ mi mú tòun ti òróró irun lára rẹ̀, ó ní, "Inú mi ló máa sùn sí. Kò ní jáde." Fóònù rẹ̀ ṣì wà lórí àga, iná rẹ̀ ń tàn bí ìgbà tó bá ń gbohùn sílẹ̀. N kò kà á sí nǹkan.

Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù tó tẹ̀ lé e, ní ilé ẹnìkan ní Loganville, èmi ni mo ń se oúnjẹ fún wọn. Mo rí díẹ̀ níbẹ̀: ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó wá láti abúlé sí Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àtíkè àti iná dín ọjọ́ orí Àǹtí kù. Ṣùgbọ́n ní ìgbà mélòó kan, bí wọ́n bá ti ní kí gbogbo ilé dákẹ́, Àǹtí á yọjú sí mi. "Àbúrò mi àtàtà, lọ bá wa ra yìnyín." Kúlà kún fún yìnyín. Mo ní, "Àǹtí, ó ṣì wà ńbẹ̀, mà." Ó ní kí n tún rà sí i. Mo lọ. Inú mi tilẹ̀ ń dùn pé èmi ni wọ́n ń rán, tí mo ń fi mọ́tò ara mi lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn kan ní Austell. Ibi tí wọ́n ti ń so àwọn ọkọ̀ ojú irin pọ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Bí irin bá gbá irin, ara ògiri á gbọ̀n. Mo fẹ́ràn ìró yẹn. Ó máa ń rán mi létí ilé.

Sister Bọ̀sẹ̀ jókòó tì mí. Wọ́n pa iná. Àǹtí Mojí jáde lójú ògiri pẹ̀lú ìró àti bùbá, ó rí bàbá arúgbó kan tó ń gbá ewé, ó kúnlẹ̀. Orí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìka rẹ̀ wà bí ìka mi. Bàbá ju ọ̀pá ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín. Sister Bọ̀sẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá itan, ó wá yí ojú sí mi. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní nínú ara mi pé kò burú. Ìkúnlẹ̀ ni. Ta ni kì í kúnlẹ̀?

Nígbà tó yá, àárọ̀ kùtùkùtù dé nínú fíìmù náà. Àǹtí jókòó sórí ẹní nínú yàrá kékeré kan, ìyá rẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọmọ jòjòló mọ́ àyà. Ó tẹ ẹnu mọ́ etí ọmọ náà. Ohùn tó fi kọrin nígbà kan ló mú bọ̀, ohùn tí dókítà ní kó má fipá mú. Ó ki ewìrì. Ó ki irin. Ó ki ọmọ owú. Nígbà tó dé orí àjàgbọn, ó dá dúró níbi tí èmi ti máa ń dá dúró láti mí.

Gbogbo èèyàn ń fa imú nínú òkùnkùn. Níta, irin gbá irin. Mo dìde, mo lọ dúró tì mọ́tò.

Inú mọ́tò Àǹtí ni a jọ padà sí Fayetteville lọ́jọ́ náà. Òórùn lọ́fíńdà àwọn tó ti dì mọ́ ọn kún ara rẹ̀.

"Ṣé o rí bí wọ́n ṣe ń sunkún?"

Mo fa bẹ́líìtì mọ́ra.

"Ìwọ lo fún mi. I'm serious. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé mo mọ̀."

"Àǹtí, ẹ ní inú yín ló máa sùn sí."

"Ta ni mo dárúkọ? Ṣé mo dárúkọ rẹ? Ṣé mo dárúkọ ìlú? Àjọkẹ́ gan-an, mo yí i padà."

"Ẹ ki oríkì rẹ̀, mà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. "Sweetheart, oríkì kì í ṣe orúkọ. Orin ni. Ta ló tún mọ oríkì ta láyé ìsinsìnyí?"

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa rẹ̀: ó gbà á gbọ́. Èkó ló dàgbà sí. Wọn kò kì í rí láàárọ̀ láyé rẹ̀. Ó gbọ́ ohun dídùn, ó mú un. Kò mọ̀ pé ní ìlú tiwa, èèyàn lè fi orúkọ sá, ó lè fi aṣọ bo ojú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kì í, wọ́n ti júwe ilé rẹ̀. Igi àjàgbọn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà agbolé kan ṣoṣo. Gbogbo èyí ló wà lọ́kàn mi, ahọ́n mi kò gbé e. Ohun tí mo lè sọ ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ibẹ̀ kúrò kó tó dé orí fóònù àwọn èèyàn."

"Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí fíìmù náà wà."

Mo fẹ́ béèrè pé ẹ̀mí ta ni. A ti délé.

Kò yọ ọ́. Ó gbé e jáde fún ayé láti máa wò lórí fóònù. Láràárọ̀ mo ṣì ń se atalẹ̀ rẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí nígbà náà.

Ọjọ́ Friday kan, mo ń ká ṣíìtì lọ́wọ́ nígbà tí Màámi pè. Màámi kì í pè. Ó máa ń jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan kó gé e ni.

"Bàbá Alágbẹ̀dẹ wá síbí," ó wí.

Bàbá ọmọkùnrin náà ló ń sọ. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wa rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

"Ó bínú, mà?"

"Ì bá ṣe pé ó bínú ni, ǹ bá lé e jáde. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà. Ó ní àwọn ọmọ ilé òun fi fíìmù kan han òun, òun sì gbọ́ ohùn ìyá òun tó ti kú lẹ́nu obìnrin kan tí òun kò mọ̀. Ó ní ìyá òun ló fi àjàgbọn sí i, ó fi ki ọmọ òun yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà ló wá ń wo Àjọkẹ́. Ó wò ó títí. Ó ní, 'Ẹ wo etí ọmọ yìí.'"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní kó mu omi."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí lẹ́yìn mi. Màámi ní àwọn àgbà ilé wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ó ní òun yóò sẹ́, òun yóò ní ìgbà tí mo ń lọ pọnmi ni mo gbọ́ oríkì náà, kí èmi náà sẹ́, kí ẹnu wa pé.

"Àjọkẹ́ ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ ọ́ sí i létí. Ó bi mí pé ta ni ìyá ọmọ inú fíìmù."

"Kí lẹ wí, mà?"

"Mo ní kó lọ gbálẹ̀."

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí wà ní pálọ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ṣí ojú fèrèsé gbogbo. Ó fa ọwọ́ mi jókòó. Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé funfun yẹn ti rí fíìmù náà, ó sì fẹ́ rí Àǹtí. Ètò kan sì wà lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday, tí àwọn èèyàn wa kárí ayé máa ń wò, wọ́n ti pè é.

"Wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni ìtàn yẹn. Mo ní òótọ́ ni."

"Ẹ sọ fún wọn?"

"Mi ò dárúkọ rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo máa wá. O ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo mọ̀ ẹ́. Kàn kúnlẹ̀ bó o ṣe máa ń kúnlẹ̀, kó o ki oríkì yẹn díẹ̀. Wọ́n á fẹ́ràn rẹ."

Mo sọ fún un pé àwọn àgbà ilé alágbẹ̀dẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday kan náà, wọ́n ń bọ̀ wá béèrè ọmọ mi.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Omi kún ojú rẹ̀. Mo ti rí omi ojú yẹn nílé ìdáná, mo tún ti rí i lójú ògiri ní Austell. Mo ń wò ó kí n lè mọ èyí tó jẹ́. N kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ju fíìmù náà lọ.

Ó nu ojú. Ó ní, "Bó o bá sọ ìyẹn náà fún wọn lórí ètò, gbogbo ayé máa wà lẹ́yìn rẹ."

Mo wọ yàrá mi lọ. N kò sunkún. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Mo rò ó pé láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mo ti ń wá ẹni tó máa wò mí kó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹni tó wò mí, ó wò mí kó lè wọ̀ mí bí aṣọ ni. Ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n kì ọ́ láàárọ̀ ni kí wọ́n sọ fún ọ pé o ní ibi tó o ti wá. Oríkì ọmọ mi, Àǹtí Mojí ti kì í. Àwọn tí n kò mọ̀ ní ìlú London ti kì í. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi ṣeré. Màámi fẹ́ sẹ́ ẹ, àwọn àgbà ń bọ̀ wá fi gba ọmọ. Ẹni tó ni ín nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì pè jókòó kó kì í.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ní Sátidé, n kò gbé atalẹ̀ kaná. Fúláàsì wà lórí tábìlì, òfìfo. Mo kó aṣọ mi sínú mọ́tò, mo gba ilẹ̀kùn iwájú jù ú sẹ́yìn. Mo wà á lọ sí ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ mi, mo gbé e sábẹ́ igi páìnì, mo pa á. Mo pe ilé.

Mo ní kí Màámi gbé fóònù fún Àjọkẹ́, kó sì bọ́ síta díẹ̀. Màámi ní, "Kí lo fẹ́ ṣe?" Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mà." N kò gbé ohùn sókè. Mo gbọ́ tó ń pe Àjọkẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún.

Àjọkẹ́ gba fóònù, kò sì kí mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Mo kì í. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ewìrì. N kò kì í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìgbà tí ó wà ní jòjòló. Mo kì í bí ìyá àgbà yẹn ṣe máa ń ki tirẹ̀, tí mo fi ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. Nígbà tí mo dé orí àjàgbọn, mo mí, mo kì í dé ìparí, mo sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ sí i, àti orúkọ èmi tí mo bí i.

Mo rò pé fóònù ti gé. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tó gbé e sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, mo sì gbọ́ eékún méjì, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó wí.

Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ wọn. Kò pè mí ní Àǹtí. Kò sì tíì pè mí ní nǹkan mìíràn.